Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ fún Àlejò?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ìwé òfin kankan tó dé ilẹ̀ wa ni òwe yìí ti wà: a kì í dá ẹjọ́ láìjẹ́ pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sọ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àlejò ni wọ́n pè lólè ńkọ́, níbi tí kò ti ní ẹbí, tí kò sì gbọ́ èdè? Ta ni yóò gbẹnu sọ fún un? Mo fẹ́ sọ ìtàn bí ìdáhùn ìbéèrè yìí ti yí padà, láti ọwọ́ onílé dé ọwọ́ lọ́yà.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará Alímọ̀ṣọ́ gan-an. Abúlé Àwórì ni Ìkòtún, Ìgàndó àti Ẹ̀gbẹ́dá tẹ́lẹ̀, níbi tí aládùúgbò ti mọ aládùúgbò. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2006, iye tí wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714. Àlejò òkè òkun náà kò gbẹ́yìn, pàápàá àwọn tó ń wá sí ìjọ Synagogue ní Ìkòtún. Nígbà tí ilé àlejò ìjọ náà wó ní oṣù kẹsàn-án 2014, tí èèyàn 116 kú, ará South Africa ló pọ̀ jù nínú wọn. Lónìí, ẹni tó ń tajà àti ẹni tó ń rajà ní ọjà Ìkòtún lè má tíì rí ara wọn rí.

Láyé àtijọ́, àlejò tó bá wọ ìlú a máa dé sílé ẹnì kan, nítorí ẹni a bá lábà ni baba. Bí nǹkan bá sọnù tí wọ́n sì na ìka sí i, onílé rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Òun ni yóò bá a dé iwájú baálé. Bí ọ̀rọ̀ bá le, wọ́n á gbé e dé ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, títí dé ààfin. Onílé lè jẹ́rìí sí ìwà àlejò rẹ̀, ó lè dúró fún un, ó sì lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Mi ò sọ pé ètò yìí kò ní àbùkù: àlejò tí onílé rẹ̀ kò lẹ́nu láwùjọ lè jìyà. Síbẹ̀, kì í dá nìkan dúró níwájú ẹjọ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, wọ́n sì dá Supreme Court sílẹ̀ ní 1876. Lọ́yà ṣọ̀wọ́n nígbà náà, débi pé wọ́n gba àwọn tí kò kẹ́kọ̀ọ́ òfin láyè láti máa rojọ́ fúnni. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Freetown, ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di lọ́yà ní Ìlú Ọba, ní 1879. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1888. Ṣùgbọ́n láti 1914 tí Lugard ti tún ètò kóòtù tò, wọn kò gba lọ́yà láyè ní àwọn kóòtù Province tó wà lẹ́yìn odi Èkó, títí di 1933. Fún ọdún 19 yẹn, ẹni tí wọ́n bá pè lólè níbẹ̀ kò ní lọ́yà, bẹ́ẹ̀ ni onílé rẹ̀ kò lágbára mọ́.

Òmìnira mú àyípadà wá. Ìjọba àpapọ̀ dá Legal Aid Council sílẹ̀ ní 1976 láti wá lọ́yà fún aláìní. Ìpínlẹ̀ Èkó dá Office of the Public Defender sílẹ̀ ní 2000, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sì sọ pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò jẹ̀bi títí ẹ̀rí yóò fi hàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn náà fún un ní èdè tó gbọ́. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà tó bá fẹ́, àti ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Òfin náà kò ya ọmọ onílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò.

Kí wá ni lọ́yà ń ṣe fún àlejò tó mú agolo wàrà jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìsanwó? Mímú nǹkan jáde nìkan kọ́ ni olè jíjà. Òfin Èkó, àti Theft Act ti 1968 ní Ìlú Ọba, jọ ń béèrè èrò ọkàn: ṣé ó fi àbòsí mú un, tó sì fẹ́ gbà á títí láé? Lọ́yà yóò béèrè bóyá ó fi ọjà náà pamọ́, bóyá owó wà lápò rẹ̀, bóyá ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó fi gbàgbé. Ẹni tó pe ẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá.

Ibi tí kò bá ti sí agbẹnusọ, ariwo “Olè! Olè!” ni yóò dá ẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá 2012, àwọn èrò ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, pa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin lórí ẹ̀sùn pé wọ́n jí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Kò sẹ́ni tó gbọ́ tẹnu wọn. Ní 2017, kóòtù dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn náà kàn, ọlọ́pàá kan sì wà lára wọn. Ìdájọ́ yẹn kò jí òkú.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àlejò nílò agbẹnusọ. Àdéhùn Vienna ti 1963 sọ pé bí wọ́n bá mú àjèjì, kí wọ́n sọ fún un pé ó lè ránṣẹ́ sí aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Amẹ́ríkà kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Jámánì méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò LaGrand, tí wọ́n mú ní Arizona ní 1982 lórí ọ̀ràn olè ní báǹkì, níbi tí èèyàn kan ti kú. Wọ́n pa wọ́n ní 1999. Ní 2001, kóòtù àgbáyé ní Amẹ́ríkà rú àdéhùn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀ràn wọn wúwo. Ìyá wa tó lọ kí ọmọ rẹ̀ ní London, àlejò lòun náà níbẹ̀.

Ní àkótán, mo gbà pé iṣẹ́ onílé ti bọ́ sí ọwọ́ gbogbo wa. Bí wọ́n bá mú àlejò ní ọjà Ìkòtún tàbí ní ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lù ú. Ẹ pe ọlọ́pàá, ẹ bá a wá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀, ẹ sì sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà. Bí ó bá jẹ̀bi, kóòtù yóò rí i. Bí kò bá jẹ̀bi, ọwọ́ wa yóò mọ́.