Ta Ló Ń Jẹun Lórí Ìwé Ìròyìn?

Kútò la wà, nítòsí pápá ìṣeré M.K.O. Abíọ́lá, nígbà tí àríyànjiyàn yìí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dé. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan fẹ́ kó máa wá ìpolówó ọjà fún wọn, ṣùgbọ́n kò sí owó oṣù: nínú ohun tó bá mú wọlé ni yóò ti rí tirẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka náà ń gba owó oṣù ní tirẹ̀, ó tún ní ọkọ̀. A ní ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Abẹ́òkúta yìí náà ni. Ní 1859, Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ sì ni wọ́n ń tà á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, bí a ò tiẹ̀ fẹ́ràn ìṣirò. Ogójì owó ni okùn kan, nítorí náà okùn mẹ́ta ni ìwé kan. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Kí ọ̀kẹ́ kan tó pé, ìwé 167 gbọ́dọ̀ tà, ẹrù géńdé kan sì ni ọ̀kẹ́ yẹn! Àmọ́ ìwé yìí kọ́ ló ń bọ́ Townsend. Ìjọ ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Nígbà tí Ifọ́lé dé ní 1867, ìwé náà parí.

Ẹni tó yẹ ká dúró lé lórí ni Richard Beale Blaize. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, Freetown ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1845. Ó dé Èkó ní 1862, ó sì bá Robert Campbell ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé lórí Anglo-African. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé kọ́ ló sọ ọ́ di olówó o, òwò ni. Ìgbà tó lówó tán ló dá Lagos Times sílẹ̀ ní 1880. Ìsọ̀ ló ń bọ́ ìwé ìròyìn. John Payne Jackson, tó jẹ́ akọ̀wé owó lọ́dọ̀ Blaize, dá Lagos Weekly Record tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1891, kò sì ní irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ìpolówó àti títà ló gbọ́dọ̀ gbé e ró.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Lagos Times, ní 1980, Abíọ́lá dá Concord sílẹ̀ pẹ̀lú owó tó ti rí níbòmíràn.

Lójú tiwa, àwọn olówó wọ̀nyí lè fara da àdánù. Ọmọ tó ń ti ilé iṣẹ́ kan dé òmíràn nínú oòrùn, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìpolówó, kò ní ìjọ, kò ní ìsọ̀. Ọ̀rẹ́ wa ti dá wọn lóhùn: òun á gbà á bí wọ́n bá lè máa san owó ọkọ̀ nìkan. Wọn ò tíì fèsì.