Orúkọ MQTT Nìkan Kò Tó: Ìdánwò Aládàáṣe fún Alárinà Ìfiránṣẹ́ Orí Kíláòdù

Bí ẹ̀rọ kan bá fi ìpele ìdánilójú 2 (QoS 2) ti MQTT, ìlànà ìfiránṣẹ́ láàárín ẹ̀rọ, ránṣẹ́ sí alárinà AWS IoT Core, ìwé ìlò Amazon sọ pé kò ní rí èsì gbà. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí Azure IoT Hub ti Microsoft, ìsopọ̀ rẹ̀ yóò já. MQTT kan náà ni àwọn méjèèjì ń pe ohun tí wọ́n ń tà.

Ìpele 2 kì í ṣe ohun kékeré. Nígbà tí Andy Stanford-Clark ti IBM àti Arlen Nipper ṣe MQTT lọ́dún 1999, láti máa gba ìròyìn ọ̀pá epo nípasẹ̀ sátẹ́láìtì, ohun tó ká wọn lára ni kí ọ̀rọ̀ kúrú, kó sì dé. Ní ìpele 0, a ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bó dé, bí kò dé. Ní ìpele 1, ó gbọ́dọ̀ dé, ṣùgbọ́n ó lè dé lẹ́ẹ̀mejì. Ìpele 2 ló ṣèlérí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló sì ń ná an: PUBLISH, PUBREC, PUBREL, PUBCOMP. Fún ẹ̀rọ tó ń ka ooru yàrá, ìpele 1 tó. Fún èyí tó ń pàṣẹ kí a tú kẹ́míkà sínú omi, ẹ̀ẹ̀mejì léwu.

Ìlànà náà ṣeé dán wò. Àjọ OASIS fọwọ́ sí ẹ̀yà 3.1.1 lọ́dún 2014, ó fọwọ́ sí 5.0 lọ́dún 2019, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ dandan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. MQTT-3.1.0-2 ní bí oníbàárà bá fi CONNECT ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì lórí ìsopọ̀ kan náà, kí sáfà, ìyẹn alárinà, já a kúrò. Kọ̀ǹpútà lè mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin yìí, kó wá dúró wo ohun tí alárinà yóò ṣe.

Síbẹ̀, ìdánwò tó ń dáhùn yege tàbí kùnà nìkan kò tíì ṣiṣẹ́ tó. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́, MQTT kò fún alárinà ní irú àyè bẹ́ẹ̀ láti tún iṣẹ́ ṣe. Bí kò bá lè jẹ́ ẹ, kó sọ. Ẹ̀yà 5.0 là á lẹ́nu: nínú èsì CONNACK, ó lè kéde ìpele tó ga jù tó lè gbà. Ẹ̀yà 3.1.1 kò ní irú ìkéde bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ránṣẹ́. Nítorí náà, kò yẹ kí àbọ̀ ìdánwò da ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pọ̀ mọ́ jíjá ìsopọ̀. Bí ìsopọ̀ bá já, ẹ̀rọ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí alárinà bá dákẹ́, ẹ̀rọ lè máa retí ohun tí kò ní dé.

Pípé pákẹ́ẹ̀tì pàápàá kò tó. Lọ́dún 2014, Kyle Kingsbury fi ìdánwò Jepsen gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín àwọn kọ̀ǹpútà tí alárinà ìfiránṣẹ́ RabbitMQ ń ṣiṣẹ́ lórí wọn. Àwọn iṣẹ́ tí alárinà ti jẹ́wọ́ pé òun gbà ló sọnù. Oníbàárà kíláòdù kò lè wọ ilé Amazon lọ gé wáyà. Àmọ́ ó lè já ìsopọ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀, kó fi nọ́ńbà sí iṣẹ́ tó rán, kó sì kà á níbi tó ti jáde.

Kíkà náà kì í ṣe ti ọjọ́ kan, nítorí alárinà orí kíláòdù ń yí padà láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. AWS kò ní ìfiránṣẹ́ àfipamọ́ MQTT (retained messages) tẹ́lẹ̀. Ọdún 2021 ló fi kún un. Google sì ti IoT Core tirẹ̀ pa pátápátá ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn oníbàárà sì ní láti kó ẹ̀rọ wọn lọ sọ́dọ̀ alárinà mìíràn. Ẹni tó bá ní ìdánwò aládàáṣe lọ́wọ́ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò yí àdírẹ́ẹ̀sì àti ẹ̀rí ìdánimọ̀ padà, yóò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì mọ ohun tí alárinà tuntun kò lè ṣe kí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó kó lọ.