Ọgbà Tó Ń Bọ́ni: Ẹ̀kọ́ OFN fún Àwa Tá A Wà Nítòsí Magodo

Ṣé hòtẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀ṣì àti iléèwé ní Magodo lè gbin ohun jíjẹ síbi tí wọ́n ń gbin òdòdó sí? Wọ́n lè gbìn ín dáadáa. Kì í sì í ṣe àṣà tuntun rárá.

Nínú agbo-ilé àwọn baba wa, ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń wà. Ewúro ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká, tẹ̀tẹ̀ sì ń hù létí ààtàn. Ní Erékùṣù Èkó, igi gbẹ̀rẹ̀fútù ló fún àdúgbò Breadfruit lórúkọ, òun náà ni ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ títí dòní. Ní 1887, nígbà Gómìnà Moloney, ìjọba dá ọgbà kan sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, wọ́n ń hu ọmọ kòkó àti kọfí níbẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀.

Ó wá di 1976. Ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation dé, OFN tí àwọn àgbà wa ò gbàgbé. Wọ́n ní kí kálukú gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé, sí iléèwé, sí bárékè. Àmọ́ àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1979, nígbà tó sì di 1980, Green Revolution ti Ṣàgàrí ti rọ́pò rẹ̀. Ohun tí àwa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé gbígbìn kọ́ ló nira, ìtọ́jú ni. Ilẹ̀ tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, ta ni yóò ro ó?

Mile 12 ò jìnnà sí Magodo. Tí mọ́tò tó ń kó tòmátì bọ̀ láti Òkè Ọya bá pẹ́ lọ́nà, gbogbo wa la máa ń mọ̀ ọ́n lápò. Ọgbà iwájú ṣọ́ọ̀bù ò lè rọ́pò Mile 12, ṣùgbọ́n á pèsè ẹ̀fọ́ ọbẹ̀, á sì fún àgbẹ̀ níṣẹ́.

Tí wọ́n bá pè yín síṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má kàn gba owó gbígbìn kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ gba owó ìtọ́jú lóṣooṣù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò bomi rin ín, ta ni yóò ká a, ta ló ni èso. Ẹ fi ewúro ṣe ọgbà, kẹ́ ẹ máa gé e kó lè máa rúwé. Ẹ gbin ewé tíì síbi tí ilẹ̀ ti dagun, kí àgbàrá má wọ́ ọ lọ. Tẹ̀tẹ̀ tó ti wúlò ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú, kí oníbàárà tètè rí nǹkan jẹ. Ẹ jìnnà sí omi gọ́tà o, ẹ má sì fín oògùn síbi tọ́mọdé ti ń ṣeré.

Ibo lẹ ti rí ọgbà OFN tó ṣì wà? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀.