Ìlérí, Ìhàlẹ̀ àti Ìdẹ́rùbani: Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Elonis ní Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Ó kéré tán, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní fún ohun tí ènìyàn lè sọ láti kó ìpayà bá ọmọnìkejì rẹ̀. Ìlérí ń tọ́ka sí ìpinnu inú ẹni tó sọ̀rọ̀: ẹni tó lérí pé òun yóò ṣe ènìyàn léṣe ti gbèrò rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Ìhàlẹ̀ ń tọ́ka sí ariwo ẹnu; ẹni tó ń halẹ̀ lè má ní in lọ́kàn láti gbé ẹsẹ̀ kan. Ìdẹ́rùbani ní tirẹ̀ kò wo inú ẹni tó sọ̀rọ̀ rárá. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀ sí ló ń wò, ìyẹn àyà ẹni tó gbọ́ ọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ìyàwó gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ìlérí, ọkọ lè búra pé ìhàlẹ̀ lásán ni, àwọn aládùúgbò sì lè jẹ́rìí pé, ohun yòówù tó wà nínú ọkọ, ẹ̀rù ba ìyàwó.

Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹjọ́ tó mú un hàn gbangba jùlọ ni èyí tó wáyé láàrin Anthony Elonis àti ìjọba Amẹ́ríkà, tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ní ọdún 2015. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí ẹjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ Facebook àti òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Àmọ́ nínú ìdílé tó tú ká ló ti bẹ̀rẹ̀. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ohun tó yanjú rẹ̀ níkẹyìn kì í ṣe àríyànjiyàn lórí ẹ̀rọ ayélujára, bí kò ṣe ìwé kan tí ìyàwó gbà ní ilé-ẹjọ́ tí ọkọ sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Òfin kí ẹjọ́ tó dé

Òfin tí wọ́n fi mú Elonis kò ní ìdílé lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe é. Ní oṣù Kẹta ọdún 1932, wọ́n jí ọmọ Charles Lindbergh, awakọ̀ òfuurufú tó lókìkí, gbé ní ìpínlẹ̀ New Jersey, àwọn ajínigbé sì ń kọ lẹ́tà láti gba owó. Ní ọdún yẹn kan náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tó de fífi lẹ́tà dẹ́rù bà ènìyàn nítorí àtigba owó. Ní ọdún 1934 wọ́n fẹ̀ ẹ́ kan tẹlifóònù àti tẹligíráàmù. Ní ọdún 1939 wọ́n tún fi kún un pé, bí ẹni tó sọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ béèrè owó, ìdúnkookò náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Lónìí, ìpín 875(c) nínú òfin ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, tí ìdúnkookò láti ṣe ènìyàn léṣe sì wà nínú rẹ̀, lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 5. Òfin náà kò sọ ohunkóhun nípa inú ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn ilé-ẹjọ́ ló wá ń gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Ní ọdún 1966, ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 18 kan sọ ní ìpéjọ kan ní Washington pé bí wọ́n bá fi tipátipá gbé ìbọn lé òun lọ́wọ́, Ààrẹ Johnson ni ẹni àkọ́kọ́ tí òun fẹ́ dojú rẹ̀ kọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ní ọdún 1969, nínú ẹjọ́ Watts, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ yí ìdájọ́ náà padà: àsọdùn òṣèlú ni, kì í ṣe ojúlówó ìdúnkookò. Ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ Virginia àti Black tó dá lórí jíjó àgbélébùú níná, ilé-ẹjọ́ náà sọ pé ojúlówó ìdúnkookò ni èyí tí asọ̀rọ̀ fi ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òun ní in lọ́kàn gan-an láti hùwà ipá. Ẹnu kò kò lórí ìtumọ̀ gbólóhùn yìí. Ṣé asọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́ kí ẹ̀rù ba olùgbọ́ ni, tàbí ó tó pé kí ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà?

Lọ́wọ́ kejì, òfin ti ń wọ inú ilé tọkọtaya, ibi tí ó ti ń yẹra fún tipẹ́. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ṣe òfin ààbò lọ́wọ́ ìfìyàjẹni ní ọdún 1976. Lábẹ́ òfin yìí, ìyàwó lè bẹ adájọ́ pé kí ó pàṣẹ fún ọkọ láti jìnnà sí òun. Pennsylvania yìí náà ni ọ̀nà òfin méjèèjì ti pàdé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, ìyàwó Elonis fi í sílẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méje tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, ó sì kó àwọn ọmọ wọn méjèèjì lọ. Elonis ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Allentown. Ó yí orúkọ rẹ̀ lórí Facebook padà sí orúkọ tó jọ ti olórin ráàpù, ó sì ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó le koko bí orin síbẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń fi kún un pé àròsọ ni, pé òun ń lo ẹ̀tọ́ òun láti sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹwàá, ó gbé àwòrán kan síta nínú èyí tí ó ti fi ọ̀bẹ ìṣeré sí ọrùn obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó wu òun bẹ́ẹ̀. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ nípa ìyàwó rẹ̀ ló burú jù. Ó mú àwàdà kan tó dá lórí bí ó ṣe lòdì sí òfin láti sọ pé ènìyàn fẹ́ pa ààrẹ, ó fi ìyàwó rẹ̀ sí ipò ààrẹ, ó sì fi àpèjúwe ilé tí obìnrin náà ń gbé kún un. Àpèjúwe náà bá ilé náà mu. Ẹni tó kàn ń kọjá lọ lórí Facebook lè rí àwàdà níbẹ̀. Ilé ara rẹ̀ ni obìnrin náà rí.

Ó sọ pé ẹ̀rù ẹ̀mí òun ń bà òun gidigidi. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ fún un ní ìwé ààbò ọlọ́dún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni Elonis tún kọ̀wé, tó ní kí ìyàwó òun ká ìwé náà sápò, kí ó wò ó bóyá ó nípọn tó láti dá ọta ìbọn dúró. Ó kọ òmíràn nípa yíyìnbọn ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Nígbà tí obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI kan wá bá a nílé, ó kọ̀wé nípa òun náà pé òun ì bá ti dú u lọ́rùn. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n mú un.

Láti ilé-ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́

Ẹ̀sùn márùn-ún ni wọ́n fi kàn án: pé ó dúnkookò mọ́ àwọn ènìyàn ọgbà ìgbafẹ́ náà, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà. Nígbà ìgbẹ́jọ́ ní ọdún 2011, agbẹjọ́rò rẹ̀ bẹ adájọ́ pé kí ó sọ fún ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tó ń pinnu ẹ̀bi pé ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé Elonis ní in lọ́kàn láti dúnkookò. Adájọ́ kò gbà. Ohun tó sọ fún wọn ni pé ó tó bí ẹni tí orí rẹ̀ pé bá lè rí i tẹ́lẹ̀ pé àwọn tó gbọ́ ọ yóò kà á sí ìdúnkookò. Agbẹjọ́rò ìjọba pàápàá sọ fún ìgbìmọ̀ náà pé ohun tí Elonis rò kò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n dá a láre lórí ẹ̀sùn ti ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n dá a lẹ́bi lórí mẹ́rin yòókù. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ ni adájọ́ fún un. Ní ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ẹkùn kẹta fọwọ́ sí ìdájọ́ náà.

Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ọ̀rọ̀ ti fẹjú ju tọkọtaya kan lọ. Àwọn tó ń gbèjà òmìnira ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rù pé orin lè sọ ènìyàn dèrò ẹ̀wọ̀n. Àjọ National Network to End Domestic Violence, tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé, kọ̀wé ní tirẹ̀ pé ìpayà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fà jẹ́ ìpalára fúnra rẹ̀, ohun yòówù tí asọ̀rọ̀ ìbáà ní lọ́kàn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Adájọ́ Àgbà John Roberts ka ìdájọ́ tí adájọ́ méje fọwọ́ sí. Ó padà sí ìlànà àtijọ́ kan tí ilé-ẹjọ́ náà ti tẹnu mọ́ nínú ẹjọ́ Morissette ní ọdún 1952, nígbà tí wọ́n dá ọkùnrin kan sílẹ̀ tó kó páńdukú bọ́ǹbù àwọn ológun nítorí ó rò pé wọ́n ti pa á tì: ẹni tí kò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe burú kì í ṣe ọ̀daràn. Nítorí náà, wíwo etí olùgbọ́ nìkan kò tó. Ẹ̀bi yóò wà bí asọ̀rọ̀ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun jẹ́ ìdúnkookò, tàbí bí ó bá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe gbọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ pé ó fura sí ewu náà tí kò sì bìkítà ńkọ́? Ilé-ẹjọ́ kò dáhùn. Adájọ́ Alito sọ pé irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀ tó láti dá ènìyàn lẹ́bi, Adájọ́ Thomas sì takò ìdájọ́ náà, ó ní ó fi gbogbo ènìyàn sínú iyèméjì.

Ìwé tó padà sọ̀rọ̀

Àwọn ìròyìn ọjọ́ náà sọ pé Elonis ti borí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí ẹkùn kẹta, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ yẹn sì tún fi ìdálẹ́bi náà múlẹ̀. Wọ́n gbà pé àṣìṣe wà nínú ohun tí adájọ́ sọ fún ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pọ̀ débi pé ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ìlànà tó tọ́ pàápàá yóò ti dá a lẹ́bi, nítorí kò sí bí Elonis ṣe lè sọ pé òun kò mọ bí ọ̀rọ̀ òun ṣe ń dún létí ìyàwó òun.

Ibí ni pàtàkì ìtàn yìí wà. Inú ènìyàn jìn, kò sì sí adájọ́ tó lè rì í wò. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé, ìmọ̀ kì í ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ mọ ilé tí ìyàwó ń gbé, ó mọ ohun tó ń já a láyà. Nígbà tí obìnrin náà dúró níwájú adájọ́ tó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, tí àṣẹ sì jáde, ìpayà tó wà nínú rẹ̀ di ohun tí ọkọ ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí Elonis wá fi ìwé náà ṣe ẹlẹ́yà ni ẹ̀rí pé ó ti kà á. Ìwé náà kò lè dá ọta dúró, òótọ́ ni. Ohun tó dá dúró ni àwíjàre pé ìhàlẹ̀ lásán ni.

Ìgúnlẹ̀

Ìbéèrè tí ilé-ẹjọ́ fi sílẹ̀ ní 2015 rí ìdáhùn ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 2023, nínú ẹjọ́ Counterman àti ìpínlẹ̀ Colorado. Ọkùnrin kan fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Facebook sí obìnrin olórin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí. Adájọ́ Elena Kagan kọ ìdájọ́ tí adájọ́ méje fara mọ́: kí ìjọba tó lè fìyà jẹ asọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé, ó kéré tán, ó mọ̀ pé ewu wà kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ òun bí ìdúnkookò, kò sì bìkítà. Adájọ́ Barrett àti Thomas takò ó.

Báyìí ni òfin Amẹ́ríkà ṣe dúró sí àárín ìlérí àti ìdẹ́rùbani. Kò gbà kí ìpayà olùgbọ́ nìkan sọ asọ̀rọ̀ di ọ̀daràn, kò sì fi dandan lé e pé kí asọ̀rọ̀ ti pinnu ibi. Ààyè kan ṣì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ fún obìnrin tí kò tíì dé ilé-ẹjọ́, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù ń ba òun. Òun ni àwíjàre ìhàlẹ̀ ṣì lè ṣẹ́gun. Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ Elonis, ẹni tí ẹyin náà fọ́ mọ́ lára ti wí i níwájú adájọ́, ẹni tó jù ú kò sì lè sọ mọ́ pé òun kò mọ ibi tó balẹ̀ sí.