Jẹjẹrẹ Ẹ̀ṣọ́ Ara

Lọ́jà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ẹni tó bá sọ fún lẹ́kùlẹ́jà pé òun ń ṣu ẹ̀jẹ̀, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni yóò gbé lọ sílé. Orúkọ yẹn ti fẹjú jù. Ó gba ìdí yíyọ, ó gba inú rírun. Jẹjẹrẹ pàápàá lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ títí ẹ̀pa ò fi ní bóró mọ́.

Àìsàn tí dókítà Crohn àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ nípa rẹ̀ ní 1932, àti èkejì rẹ̀ tó ń dá egbò sínú ìfun ńlá, àwọn náà lè mú ni ṣu ẹ̀jẹ̀; kí la ó pè wọ́n? Mo gbìyànjú 'ọgbẹ́ ìfun', àmọ́ ọgbẹ́ inú ti di ti àpòlúkù lẹ́nu gbogbo ayé. 'Ìfun gbígbinikún' sún mọ́ ọn, nítorí egbò tó wú, tó pọ́n, tó ń ta ni a ń sọ pé ó gbinikún. Ọyún lọkàn ń lọ sí lóòótọ́, síbẹ̀ òun ni mo mú. Nínú àìsàn yìí, àwọn tó ń ṣọ́ ara ló ń ṣá ìfun tí wọ́n ń ṣọ́.

Àwọn elétò ìlera ń pè wọ́n ní ọmọ ogun ara. Ẹ̀ṣọ́ ló tẹ́ mi lọ́rùn: ọmọ Ọ̀yọ́ á rántí àádọ́rin Ẹ̀ṣọ́ Aláàfin. Bí ẹ̀ṣọ́ kan bá wá ń bí sí i láìdáwọ́ dúró, jẹjẹrẹ ẹ̀ṣọ́ ara nìyẹn. Nínú 100 jẹjẹrẹ ìfun ńlá, irú rẹ̀ kì í sábà tó 1. Ara awọ inú ìfun ni èyí tó pọ̀ jù ti ń hù, òun gan-an sì ni ìfun gbígbinikún ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè fà.

Ti ẹ̀ṣọ́ yìí ńkọ́? 'Ó ń fà á' ti le jù. Oògùn bí azathioprine, tó ń pẹ̀tù sí ẹ̀ṣọ́ kí ìfun lè sinmi, ló máa ń ṣínà díẹ̀, pàápàá fún kòkòrò Epstein-Barr tó ti sùn sínú ara tipẹ́, tó sì lè mú kí ẹ̀ṣọ́ máa bí sí i. 'Ṣínà fún' ni mo yàn.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi tó bẹ̀rẹ̀ ní 1907 ti di ti Yunifásítì Bowen. Bowen tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì náà, tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ló tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1858. Inú mi ń dùn sí i pé orúkọ aṣàkójọ ọ̀rọ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà. Ohun tí mo fẹ́ kí ìyá àgbà tó ń lo irú oògùn yẹn gbọ́ níbẹ̀ ni: "Màmá, ẹ má dá oògùn yín dúró fúnra yín. Ṣùgbọ́n bí ibà ò bá lọ, tí ẹ ń rù, tí òógùn ń bò yín lóru, ẹ tètè padà wá."