Láti Ìṣákọ́lẹ̀ dé Nóòtíìsì: Àfikún Owó Ilé nínú Ìtàn Ìwó àti Àgbègbè Rẹ̀

Ìfáàrà

Ní Ìwó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ẹnu ni onílé sábà máa ń fi sọ fún ayálégbé pé owó ilé ti lé sí i. Ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: ọjọ́ mélòó ni òfin ní kí onílé fún ayálégbé kí àfikún náà tó bẹ̀rẹ̀? Ìdáhùn tí ìtàn òfin fún wa yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí. Òfin tí a jogún kò ka ọjọ́ fún àfikún owó; ọjọ́ ìkójáde ni ó kà. Àròkọ yìí tọpasẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ó túmọ̀ sí fún ayálégbé.

Ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀

Kí yíyá ilé tó gbilẹ̀, ilẹ̀ oko ni àlejò ń tọrọ. Ìdílé tí ó ni ilẹ̀ a fún un ní ibi tí yóò ti dáko, òun náà a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún: iṣu, epo, obì, tàbí ohun mìíràn tí oko bá mú wá. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe iye tí ilẹ̀ tó. Àmì ni pé àlejò mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń san án, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè wà níbẹ̀ títí. Àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba gba àṣà yìí wọlé: wọn kì í jẹ́ kí a lé irú àlejò bẹ́ẹ̀ kúrò àfi bí ó bá ṣẹ̀ sí àdéhùn, bíi kí ó pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀ tàbí kí ó ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Nínú irú àjọṣe bẹ́ẹ̀, nóòtíìsì kò níṣẹ́, nítorí pé àdéhùn náà kò ní ọjọ́ ìparí.

Kòkó yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí owó kòkó gòkè lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìṣákọ́lẹ̀ kúrò ní ohun àmì lásán. Ní Ilé-Ifẹ̀, aáwọ̀ lórí ìṣákọ́lẹ̀ láàrin àwọn ìjòyè Ifẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ Mọdákẹ́kẹ́ le gan-an ní ìparí àwọn ọdún 1940. Lára ohun tí ó wà lábẹ́ ìjà náà ni ìbéèrè tí ayálégbé òde òní ń béèrè: ṣé ẹnì kan lè dá iye lé ẹnì kejì lórí láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan?

Nígbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọdún 1978, tí ó fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀, ó dà bí ẹni pé ìṣákọ́lẹ̀ ti dópin. Ṣùgbọ́n ní 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin náà kò pa àjọṣe onílẹ̀ àti àlejò rẹ̀ rẹ́.

Ilé àti nóòtíìsì

Ojú irin tí ó ti Ìbàdàn dé Òṣogbo ní 1907 gba Ìwó kọjá. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ a máa mú oníṣòwò, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba wọ ìlú, àwọn ẹni tí kò wá ilẹ̀ oko bí kò ṣe yàrá. Yàrá kò sì rí bí oko: oṣù tàbí ọdún ni àdéhùn rẹ̀. Òfin Ìgbapadà Ilé ti 1945, tí ìjọba amúnisìn ṣe, ni ó to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Bí onílé àti ayálégbé kò bá ti fúnra wọn dá iye ọjọ́ mìíràn, ẹni tí ó ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 1, ẹni tí ó ń san lóṣooṣù ní oṣù 1, ẹni tí ó ń san ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní oṣù 3, ẹni tí ó ń san lọ́dọọdún ní oṣù 6. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọjọ́ 7 tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ gba ilé òun ní kóòtù.

Ìlànà yìí la ọ̀pọ̀ ìjọba kọjá. Ìwó wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lẹ́yìn náà Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn láti 1967, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1976, àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, 1991. Ìpínlẹ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan a máa jogún òfin èyí tí ó bí i, títí yóò fi yí i padà.

Níbo ni àfikún wà?

Owó ilé jẹ́ ara àdéhùn, ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè yí àdéhùn padà. Bí àpẹẹrẹ, bí ayálégbé bá ti san ₦120,000 fún ọdún kan, onílé kò lè sọ ọ́ di ₦200,000 kí ọdún náà tó pé. Nígbà tí ọdún bá fẹ́ parí, ó lè béèrè iye tuntun. Bí ayálégbé bá gbà, àdéhùn tuntun nìyẹn. Bí ó bá kọ̀, iye tuntun náà kò tíì dè é. Ṣùgbọ́n onílé lè fún un ní nóòtíìsì kí ó kó jáde. Èyí ni ó mú kí oṣù 6 náà ṣe pàtàkì. Bí òfin kò tilẹ̀ dárúkọ àfikún, òun ni ó fún ayálégbé láyè láti wá ilé mìíràn, láti tu owó jọ, tàbí láti fi àgbà bẹ onílé.

Èkó ti gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú. Òfin Ìyálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 2011, fún ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ ilé ẹjọ́ kí ó kéde pé àfikún kan ti pọ̀ jù. Adájọ́ yóò wo iye tí àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ ní àdúgbò náà, yóò sì gbọ́ ẹ̀rí tọ̀tún tòsì. Òfin Èkó kò dé Ìwó. Kò tilẹ̀ dé Ìkòyí àti Victoria Island tí wọ́n wà ní Èkó gan-an.

Ní 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ bẹnu àtẹ́ lu àwọn ayálégbé tí ń fi àṣìṣe inú nóòtíìsì fa ẹjọ́ gùn. Ó ní bí nóòtíìsì bá tilẹ̀ ní àbùkù, ìwé ìpẹ̀jọ́ tí a fi lé ayálégbé lọ́wọ́ ti tó ìkìlọ̀. Ìdájọ́ yìí de gbogbo kóòtù Nàìjíríà, títí kan èyí tó wà ní Ìwó.

Ìkádìí

Àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò nílò ìkìlọ̀, nítorí pé ilẹ̀ náà kò ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ayálégbé nílò rẹ̀, nítorí pé òun ni ohun tí a fi rọ́pò ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn. Ìdájọ́ 2021 gba onílé lọ́wọ́ ayálégbé alárékérekè, ṣùgbọ́n ó tún sọ ohun tí ayálégbé olóòótọ́ gbára lé di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Níwọ̀n bí òfin kò ti ka ọjọ́ fún àfikún, ibi tí ayálégbé Ìwó ti lè rí i kà ni inú ìwé àdéhùn: kí a kọ ọ́ síbẹ̀, kí a tó gba kọ́kọ́rọ́, pé oṣù báyìí ni onílé yóò fi ṣáájú kí owó tó lé, kí tọ̀tún tòsì sì fọwọ́ sí i.