Ìwádìí Ifẹ̀ àti Gẹ̀ẹ́sì Àwọn Ọmọ Wa

Bí a bá dárúkọ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Àwọn tó gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà já gaara, débi pé tíṣà ọ̀tọ̀ ni wọ́n wá fún un.

Ọjọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Àwọn míṣọ́nnárì ti ń fi Yorùbá kọ́ni kí ìjọba amúnisìn tó dá sí ẹ̀kọ́. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 ló ní kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba máa san owó ìrànwọ́ lé lórí; ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni ní Yorùbá, kó wá owó rẹ̀ níbòmíràn. Nígbà tó di 1922, ìròyìn ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes lórí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà yí ohùn padà, ó ní kí èdè abínibí ṣáájú. Bọ́rọ̀ ṣe wá rí nìyẹn tó fi di àṣà ní ilé ẹ̀kọ́ wa: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì láti ìwé kẹrin. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955, àwọn ọmọ ya wọ ilé ẹ̀kọ́ bí omi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọjá ìwé mẹ́fà.

Ẹ wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ìwé kẹta, bí tíṣà bá bi í pé ìyá rẹ̀ ra ọsàn ogún, ó ta méje, mélòó ló kù, á ti ní mẹ́tàlá kí tíṣà tó panu dé. Lẹ́yìn ìsinmi, ìbéèrè náà á padà dé ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọsàn kò kúrò ní ogún, síbẹ̀ ọmọ ní láti kọ́kọ́ wá ìtumọ̀ kó tó ṣírò. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní olódo ni.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń wí láyé ìgbà yẹn kò gba ti irú ọmọ yìí rò. Lọ́dún 1961, àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ṣe àpérò ní Makerere, ní Uganda, lórí kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Ìgbàgbọ́ tó ti ibẹ̀ jáde ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ká fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé ká tètè bẹ̀rẹ̀, pé èdè mìíràn tó bá pọ̀ jù á ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Lọ́dún 1992, onímọ̀ èdè Robert Phillipson fi hàn nínú ìwé rẹ̀ kan pé ìgbàgbọ́ wọ̀nyí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ lítíréṣọ̀ kì í gbàgbé Makerere, nítorí ibẹ̀ ni Achebe, Ṣóyínká àti Ngũgĩ ti jókòó pọ̀ ní àpérò àwọn òǹkọ̀wé lọ́dún 1962. Lójú tèmi, ti 1961 tí kò sẹ́ni tó ń rántí ló wọ kíláàsì jù.

Ifẹ̀ dán tirẹ̀ wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá ló ṣáájú, Ford Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó tì í, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́. Ẹgbẹ́ kan ń fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́. Ẹgbẹ́ kejì tẹ̀ lé àṣà àtijọ́. Adébísí Afọláyan, tó wà lára àwọn tó gbé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà kalẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní bá wọn lé Gẹ̀ẹ́sì jáde nínú kíláàsì.

Àwọn òbí kan kọminú pé wọ́n fẹ́ fi ọmọ àwọn dánra wò. Nígbà tí àwọn olùwádìí Ojerinde àti Cziko dán àwọn ọmọ náà wò ní apá ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò. Àwọn alárìíwísí bèèrè pé ṣé Yorùbá ló ṣe é ni àbí tíṣà pàtàkì yẹn. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì rò pé ó ba iṣẹ́ náà jẹ́. Bó bá jẹ́ tíṣà ni, kí ló dé tí a kò wá irú rẹ̀ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́?

Ìwé tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lórí ìwádìí náà jáde lọ́dún 1989. Láìpẹ́ sígbà náà, òun fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, síbẹ̀ àṣà ọdún mẹ́ta ò yí padà. Ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà. Ní 2025, mínísítà mìíràn fagi lé e, ó ní èdè abínibí ló ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fìdí rẹmi ní WAEC, NECO àti JAMB. Ọmọ tó wọ ìwé kìíní lọ́dún tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà kò tíì kọjá ìwé kẹrin lọ́jọ́ tí wọ́n fagi lé e.